Ẹ Má Bi Wọ́n Pé Ṣé Àlàáfíà Ni

Ẹ má bi mí pé èló ni wọ́n ń san. Gbogbo ọmọ tó bá wá bá mi nílé mi n'Íkòròdú nítorí iṣẹ́ yìí, ìbéèrè tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu wọn nìyẹn, inú sì máa ń bí mi. Wọ́n san èyí tó tó mi jẹun, mo fi tọ́ ọmọ, mo fi kọ́ ilé, ó parí. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi mí ni pé kí ni iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ fara balẹ̀, màá sọ ọ́, mi ò sì ní fi ọ̀kan pa mọ́ nínú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí látilẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀. Àmọ́ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú ayé mi, kì í ṣe àìsàn ni mo ń tọ́jú, oògùn ni mo ń ṣọ́. Kí oògùn tuntun tó dé ilé ìtajà, àwọn kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lò ó, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n dán an wò lára àwọn. Ẹ rò ó wò ná: èèyàn gbé ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹni tí kò mọ̀ rí! Ó yẹ kí ẹnì kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa wò ó pé oògùn náà ò pa á lára. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ń gbàdúrà kó ṣiṣẹ́. Èmi, bóyá ó ń ṣe èèyàn ní jàǹbá nìkan ló kàn mí, nítorí náà kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn mi níbi iṣẹ́.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì tó mọ ìlú wọ̀nyí, tí kò bẹ̀rù ọkọ̀ ojú omi, wọ́n mú mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo bá Mátírọ́nù pàdé. Ó lórúkọ o, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ fi orúkọ pè é. Obìnrin kúkúrú, dúdú, tí aṣọ funfun rẹ̀ le gbagidi. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó fa bírò yọ lápò mi, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta lo máa lò láìkọ nǹkan kan," ó ní. "Ẹni tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wo èèyàn, kí ló fẹ́ kọ?"

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ní kọ̀rọ̀ yàrá ìwòsàn, tí mo ń wo àwọn tó ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Bí ẹnì kan bá ti jáde, Mátírọ́nù á yíjú sí mi.

"Ẹsẹ̀ bàbá yẹn ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ kẹ̀, mà?"

"Ó wú. Ó tẹ ẹ̀yìn bàtà ẹ̀ mọ́lẹ̀ torí kò gba ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́. O ò rí i?"

"Mi ò rí i, mà."

"Ta wá lo ń wò látàárọ̀?"

Mo sunkún délé lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò lọ mọ́, pé obìnrin náà burú. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò tiẹ̀ gbójú sókè nídìí oúnjẹ. Ó ní, "Ṣé ẹsẹ̀ bàbá náà wú ni àbí kò wú?" Mo ní ó wú. Ó ní, "Ó dáa, sún mọ́bẹ̀ kó o jẹun."

Nígbà tó dá bírò mi padà, ìyà míì ló bẹ̀rẹ̀. Bó bá rí "dáadáa" nínú fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ kọ, níṣojú yín ló máa ya á. "Dáadáa kì í ṣe èsì! Kí ló jẹ lánàá? Ṣé ó dá a padà? Ṣé ó sùn? Ìtọ̀ ẹ̀ ńkọ́, kí ni àwọ̀ ẹ̀?" Ó wá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní àpótí onígi kékeré kan, àpótí ìjókòó, pé gbogbo ilé tá a bá lọ la gbọ́dọ̀ gbé e dé. Ẹ̀rín pa wá. Nọ́ọ̀sì tó kàwé, kó máa gbé àpótí kiri bí ẹni tó ń lọ fọṣọ lódò.

Ó jẹ́ ká rẹ́rìn-ín tán. Ó ní, "Ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ lórí ìnàró, kíkí ló ń kí èèyàn, kò bi í ní nǹkan kan. Ẹ̀yin náà kọ́ la bí nílẹ̀ yìí? Wọ́n lè máa gbé òkú gba ẹ̀yìnkùlé, bí àlejò bá kí wa níwájú ilé pé ṣé àlàáfíà ni, 'a dúpẹ́' la máa wí. Irọ́ kọ́, ẹ̀kọ́ ilé ni. Nítorí náà, ẹ kí wọn ní ẹnu ọ̀nà, kẹ́ ẹ gbọ́ 'a dúpẹ́' yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jókòó, ẹ wo ojú wọn, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti orí àpótí yẹn, ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé ṣé àlàáfíà ni."

Àṣé òótọ́ ló ń sọ. Bàbá àgbẹ̀ kan l'Ágbówà kí mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé a dúpẹ́, ó tún súre fún mi. Mo jókòó, mo ní kó sọ ohun tó jẹ látàná fún mi. Ló bá wo ilẹ̀. Oúnjẹ ò dúró nínú ẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin! Ọjọ́ yẹn la dá oògùn rẹ̀ dúró. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, lọ́dún dé ọdún, láti Ìkòròdú dé Ìjẹ̀dẹ̀, Agbówà, Ejìnrìn, títí dé Ẹ̀pẹ́. Àwọn ará etí ọ̀sà sọ mí ní Nọ́ọ̀sì Ẹ-jẹ́-n-wojú-yín. Mátírọ́nù fẹ̀yìn tì, ó lọ jókòó sílé rẹ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, mo di ọ̀gá. Ìgbà tí mo wá di ọ̀gá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n jù.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan là ń dán wò nígbà yẹn. Nínú àwọn tó ń lò ó ni Ràbíátù wà, obìnrin tó ń ta ẹja yíyan ní Ejìnrìn. Òun, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta àti ìyá rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Ràbí, jọ ń gbé ni. Ràbíátù lẹ́nu! Bó bá ti rí mi lókèèrè tí mo gbé àpótí, á pariwo lọ́jà pé, "Kábíyèsí, ẹ ti tún gbé ìtẹ́ yín dé!" Àwọn oníbàárà á máa rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá jókòó.

Ọjọ́ ọjà kan, òjò ṣú láti òwúrọ̀. Ẹni tó wa ọkọ̀ ojú omi gbé mi lọ ti sọ fún mi pé tí mi ò bá tètè padà, òun ò ní dúró dè mí, ilé mélòó kan sì ṣì kù tí mo máa yà. Mo fi àpótí sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Mo ní mo fẹ́ yára. Mo bá Ràbíátù nídìí ẹja rẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó ń yí i padà nínú èéfín, ó fa ìbòrí wálẹ̀ dé iwájú orí, èrò yí i ká.

"Ràbí, ṣé àlàáfíà ni?"

"A dúpẹ́ o, Nọ́ọ̀sì! Ìtẹ́ yín dà lónìí?"

"Òjò ni o! Màá gbé e wá nígbà míì."

Mo na oògùn rẹ̀ sí i láàárín àwọn èrò, mo padà sínú ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ ni mo ti mú fọ́ọ̀mù, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí àròyé. Ọ̀rọ̀ tí Mátírọ́nù ì bá ya! Títí dòní ni mo ń ro ìbéèrè Ràbíátù yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá àwàdà ni, àbí ó ń dúró kí n jókòó.

Ọjọ́ kẹjọ ni aládùúgbò wọn pè mí lórí fóònù pé wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn kan l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Mo débẹ̀, mo rí ojú rẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ tó yẹ kó funfun ti dà bí ohun tí wọ́n fi atalẹ̀ pupa pa. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni àwọn àgbà ń pè é, ẹ̀dọ̀ inú ló ti bàjẹ́. Èyí kì í ṣe ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ lóòjọ́. Ẹni tó bá wo ojú yẹn lọ́jọ́ ọjà ì bá rí i. Ràbíátù dá mi mọ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìrìn." Kò sọ nǹkan míì. Ó jáde láyé lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Mo ké, mo ké débi pé ohùn mi ò jáde mọ́.

Ọ̀gá ìdánwò náà, dókítà kan tó wà l'Ékòó, pè mí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ti rí fọ́ọ̀mù yín. Ẹ wò ó, ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú, kò sí àròyé kankan. Ó túmọ̀ sí pé àìsàn yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ já lù ú ni, kì í ṣe oògùn wa. A ò ní dá nǹkan kan dúró."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ara sì tù mí. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ yẹn dáadáa o, ara tù mí. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Àmọ́ mi ò lè sùn. Ní òwúrọ̀, mo wọkọ̀ lọ bá Mátírọ́nù. Iwájú ilé ni mo bá a, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wo ojú mi, ó gbé ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ta ló kú?"

Mo sọ fún un.

"O jókòó tì í lọ́jọ́ náà?"

"Rárá, mà."

"O wo ojú ẹ̀?"

"Rárá, mà. Òjò ló fẹ́..."

"Mi ò bi ẹ́ nípa òjò."

Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "O kí i, ó dá ẹ lóhùn. Ìkíni lo kọ sínú ìwé oògùn."

Mo ní ọ̀gá l'Ékòó ti ní kò séwu. Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dé ojú. "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àwọn tó kù ńkọ́? Ní àárọ̀ ọ̀la, wọ́n á jí, wọ́n á bu omi, wọ́n á gbé oògùn yẹn mì, nítorí ìwọ lo kọ ọ́ pé kò ṣe Ràbíátù ní nǹkan kan."

"Wọ́n máa lé mi, mà."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀."

Ó wọlé, ó mú ìwé àti bírò jáde, ó tọ́ka sí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Jókòó, kó o kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Mo kọ pé mi ò jókòó, mi ò wo ojú rẹ̀, mi ò béèrè nípa ìtọ̀ rẹ̀, àti pé ohun tí mo pè ní kò sí àròyé, mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìwé náà ò ju ìlà mẹ́rin lọ, ó sì gbà mí ní gbogbo òwúrọ̀. Mátírọ́nù ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ títí mo fi fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló bu ẹ̀kọ gbígbóná fún mi.

Mo pe ọ̀gá l'Ékòó lórí fóònù, mo ka ìwé náà fún un, ọ̀sán ọjọ́ náà sì ni wọ́n dá oògùn dúró. Gbogbo wa gbé àpótí, a tú jáde sí ilé gbogbo àwọn tó ń lò ó. A bá apẹja kan n'Íjẹ̀dẹ̀ àti tíṣà kan l'Ágbówà tí ojú tiwọn náà ti ń yí padà. Àwọn méjèèjì ló kí wa pé a dúpẹ́. Oògùn tá a gbà lọ́wọ́ wọn ló yọ wọ́n, torí wọ́n yè, àwọn méjèèjì. Bí mo bá ti dákẹ́ ni, òkú mẹ́ta là bá kà.

Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà. Kò dùn mí, mo jẹ̀bi. Ilé iṣẹ́ rán àwọn àgbààgbà lọ sí Ejìnrìn láti sọ fún ẹbí pé oògùn náà ni wọ́n fura sí. Àmọ́ lọ́yà wọn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní mi ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹbí náà, mi ò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun. Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: òfin yẹn rọ̀ mí lọ́rùn. Kíkọ ọ́ síwèé le, àmọ́ kí n wo ojú Ìyá Ràbí kí n sọ ọ́, ìyẹn ni mi ò lè ṣe. Mo wá ń rán ẹlòmíì lọ sí Ejìnrìn. Ọdún ń gorí ọdún.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ohun èlò ti ń yí padà. Fọ́ọ̀mù alábala mẹ́ta tá à ń fi bébà dúdú sáàárín rẹ̀ lọ, kọ̀ǹpútà dé, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀. Mi ò bínú sí ẹ̀rọ o. Èsì ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn, ó ti ń dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n mú ọ̀nà tuntun kan wá láti Èkó, pé fóònù ni á máa bi àwọn èèyàn láràárọ̀: "Ṣé àlàáfíà ni? Ẹ tẹ ení bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tẹ èjì bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ ìgbà tó di ẹkún. Gbogbo wọn ló tẹ ení! Ẹnì kan tẹ ení láti orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Mo bá wọn jà títí wọ́n fi yí ìbéèrè náà padà, ìjà tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ náà nìyẹn.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo wo ẹ̀yìn, Ejìnrìn ni mo rí. Kò sí lọ́yà tó lè pàṣẹ fún mi mọ́, mi ò sì ní àwáwí kankan tó kù. Mo gbé àpótí mi, mo lọ.

Ìyá Ràbí ti darúgbó gan-an, kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó jókòó sórí ẹní ní ìloro. Mo kí i. Ó gbọ́ ohùn mi, ó gbé orí sókè.

"Nọ́ọ̀sì? Ṣé ẹ gbé ìtẹ́ yín wá?"

"Mo gbé e wá, Ìyá." Mo jókòó. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, òjò, ọkọ̀, àpótí tí mo fi sílẹ̀, ojú tí mi ò wò, ìwé tí mo kọ. Mo ní, "Ìyá, ẹ dárí jì mí. Mo wá sí ọjà lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí ọmọ yín."

Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan àpótí mi.

"Nọ́ọ̀sì, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Ràbí fi ìtọ̀ ẹ̀ hàn mí. Ó dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ó ní, 'Màámi, màá sọ fún Nọ́ọ̀sì bó bá ti dé.' Èmi ni mo ní kó má sọ. Oògùn yẹn ti jẹ́ kí orí tó máa ń fọ́ ọ lọ, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní bẹ́ ẹ bá kí i, kó ṣáà ní a dúpẹ́." Ó fi etí aṣọ nu imú. "Nígbà tẹ́ ò wá mọ́, mo ní ẹ ti mọ̀. Mo ní inú ń bí yín sí mi ni, pé èmi ni mo pa ọmọ mi."

Yéè! Mo gbé! Gbogbo ọdún yẹn ni obìnrin yìí fi jókòó sínú ìloro, tó ń ru ẹrù tí mo lè bá a sọ̀ lóòjọ́, nítorí pé èmi ń gbọ́ràn sí lọ́yà lẹ́nu. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ìyá, ẹ gbọ́. Ẹnu ẹ̀ nìkan lẹ ní kó pa mọ́. Ojú ẹ̀ wà níbẹ̀. Bí mo bá jókòó ni, ǹ bá rí i. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, kì í ṣe tiyín."

Ó ń mi orí, mi ò mọ̀ bóyá ó gbà. A sunkún díẹ̀, àwa méjèèjì. Nígbà tó yá, mo wo ojú rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Ṣé ẹ ń sùn?"

"A dú..." Ó dúró lórí ọ̀rọ̀ náà.

"Rárá," ó ní. "Mi ò sùn rí láti ìgbà yẹn."

Mo fa àpótí mi sún mọ́ ọn, mo ní kó máa sọ ọ́ fún mi, lọ́kọ̀ọ̀kan.